Búrẹ́dì Orí Ìṣó

Onílé ti ní kí wọ́n kó jáde kí Navruz, ọdún tuntun wọn, tó wọlé, nítorí náà láti àárọ̀ ni Hosiyat àti Oydin, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti ń fọ ilé. Ilé tí wọ́n rẹ́ńtì ni, yàrá méjì àti àgbàlá kékeré kan ní ìlú Kokand. Wọ́n ti gbé kápẹ́ẹ̀tì síta, wọ́n ti fi igi gbọn eruku rẹ̀ títí apá fi ń ro wọ́n, wọ́n sì ti fi ẹfun kun ògiri. Ẹrù wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú yàrá ńlá ni àpò aṣọ funfun kékeré tó rọ̀ sórí ìṣó, lókè pátápátá.

Búrẹ́dì tí Ermat, ọkọ Oydin, gé jẹ kó tó lọ wá iṣẹ́ ní Rọ́ṣíà ló wà nínú àpò náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ń rìnrìn àjò á fi eyín gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọn á gbé ìyókù kọ́, yóò sì wà níbẹ̀ títí olúwa rẹ̀ á fi padà wá jẹ ẹ́ tán. Hosiyat kò sí nílé lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ lọ. Abúlé ló wà, ó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó máa fi dé, búrẹ́dì ti wà lára ògiri, Oydin sì ti rán ẹnu àpò náà pa.

Láti ìgbà náà, Ermat kò pè. Hosiyat kì í rí oorun sùn dáadáa mọ́. Kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú kíkó yìí ju pé kí ọmọ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ àjèjì ló máa ṣí i fún un.

Qobil onílé yọjú lọ́sàn-án láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ermat. Ilé yìí mọ́ ju ìgbà tí mo kọ́ ọ lọ."

"Bàbá Onílé, ẹ jọ̀ọ́ o. Tí ọmọ mi bá dé, ẹ júwe ilé àbúrò mi tí à ń kó lọ fún un."

"Ermat wo? Àwọn obìnrin Rọ́ṣíà ti gbé e mì, ìyá. Búrẹ́dì rírọ̀ ni wọ́n ń fún un jẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò lè gé tiwa yìí."

Hosiyat rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Òótọ́ ni. Eré ìjàkadì ló gba eyín iwájú òkè méjèèjì lẹ́nu Ermat nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi máa ń já búrẹ́dì láti ìgbà náà, gbogbo àdúgbò ló sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Qobil yí sí ààrò búrẹ́dì ńlá tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tó jìn bí àmù, ní kọ̀rọ̀ àgbàlá. "Oydin, kí ló dé tó o fi dí ẹnu ààrò? Àwọn tó ń bọ̀ máa fẹ́ yan búrẹ́dì ọdún."

Oydin kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ó ti là, bàbá. Màmá ò tíì ti abúlé dé nígbà tó là. Mo da erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, mo wá dí i, kí eku má baà sọ ọ́ di ilé. Kí wọ́n mọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ibẹ̀ ló fẹ́ atẹ́gùn."

"Tún un rẹ́ dáadáa, kó má ba àgbàlá mi jẹ́."

"Mo máa tún un rẹ́ lónìí."

Qobil lọ. Oydin fún omi lára aṣọ tó fi ń nulẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó kéré jù kò ká mọ́ láti ọjọ́ tí Ermat ti lọ́ ọ. Hosiyat rí i, ojú sì tì í, bó ṣe máa ń tì í nígbà gbogbo.

"Ìyàwó mi, tó bá dé, kò ní gbọ́wọ́ sókè sí ẹ mọ́. Èmi fúnra mi máa bá a sọ̀rọ̀."

"Kò ní gbé e sókè mọ́, Màmá."

"Àpò búrẹ́dì yẹn ti dúdú jù. Jẹ́ ká tú u, ká fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí ò gbọ́dọ̀ bá ọmọ mi wọ ọdún tuntun."

"Ẹ má tú u!" Oydin kígbe. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ máa ba ọ̀nà ẹ̀ jẹ́. Mo máa fi aṣọ mìíràn wé e lórí èyí."

Omi lé sójú Hosiyat. Pẹ̀lú gbogbo ìyà tí ọmọ òun fi jẹ obìnrin yìí, ó ṣì ń ṣọ́ ọ̀nà rẹ̀ fún un. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ló wí. Oydin gbé korobá amọ̀ tó ti po mọ́ koríko gbígbẹ, ó jáde.

Ọkàn Hosiyat kò gbà á. Ó gun àpótí, ó sọ àpò náà kalẹ̀, ó já òwú ẹnu rẹ̀. Búrẹ́dì náà ti gan bí igi. Ó fi ẹnu kò ó, ó gbé e kan iwájú orí, ó sì yí i padà láti fi ìka kan ibi tí ẹnu ọmọ rẹ̀ ti kàn.

Àmì eyín iwájú òkè àti ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n pé, wọ́n tò láìsí àlàfo kankan, Hosiyat sì dúró lórí àpótí, ó ń wo Oydin lójú fèrèsé bó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ amọ̀ tútù mọ́ ẹnu ààrò tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí mọ́ láti ìgbà tí Ermat ti lọ.