Ìyá Orí Ibùsùn Kẹsàn-án

Inú Fadérera ń ru bó ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní ìdájí. Wọ́n ní ara ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló kọ orúkọ ìyá tó kú lánàá sí, tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ìyá náà mu sí i lára, òun tí kì í gún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ.

Lórí ibùsùn kẹsàn-án, ìyá arúgbó kan ti na apá dè é. Fadérera so rọ́bà mọ́ apá náà. Apá náà tutù bí omi àmù.

“Màmá, kí lorúkọ yín?”

“O ò bi mí lánàá.”

“Mo máa ń bi gbogbo èèyàn, mà.”

“O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o pe orúkọ mi. Ẹlòmíràn ló dáhùn.”

Fadérera gbójú sókè tìbínú-tìbínú. Rọ́bà náà ṣì so róbótó lórí ibùsùn. Kò sí apá nínú rẹ̀.