Ẹni Tó Wá Ka Ìwé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, lẹ́tà kan dé sí ilé ìkàwé Savè láti Cotonou. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní kó tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, ọjọ́ àjọ̀dún Ìyípadà, ẹnì kan yóò wá ka ìwé tó wà níbẹ̀, láti mọ̀ bóyá iye rẹ̀ pé. Bí kò bá pé, ẹni tó ń tọ́jú wọn ni yóò ṣàlàyé.

Clémentine ló ń tọ́jú wọn. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àlàyé. Tíṣà kan ní Adido pàdánù bẹ́ǹṣì méjì; wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ní Cotonou. Ó ti ń ṣàlàyé láti ọdún tó kọjá.

Ìwé irinwó ó lé méjìlá ló wà nínú àkọsílẹ̀. Irinwó ó lé mẹ́fà ló wà lórí pẹpẹ. Àwọn mẹ́fà tó kù, àsọyé ìjọba ni, aláwọ̀ pupa. Ikán ló jẹ wọ́n nígbà òjò. Kò fọwọ́ kan ìwé mìíràn. Clémentine kó àjẹkù wọn lọ sílé, ó fi dáná ẹ̀wà.

Iṣẹ́ tí ilé ìkàwé náà ń ṣe fún ará ìlú wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ẹ lè jókòó kàwé. Ẹ lè yá ìwé kan lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ìròyìn ń dé lọ́jọ́ Ẹtì. Tábìlì ẹ̀bá fèrèsé wà fún ẹ̀kọ́ èdè ìbílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sí tábìlì yẹn rí; ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ń kó lé e.

Lọ́jọ́ Ajé kan ní oṣù kẹwàá, ọkùnrin kan bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Madáàmù. Àbíbù lorúkọ mi. Wọ́n ní kí n wá ka ìwé."

Clémentine dìde. "Ta ló rán yín?"

"Ìjọba ni." Ó fa bébà kan yọ lápò, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀. "Ọ̀gá ni wọ́n ní kí n fún."

"Ọ̀gá wà ní Parakou."

"Kò burú." Ó dá a padà sápò. "Màá máa kà lọ ná."

"Gbogbo ẹ̀?"

Àbíbù wo pẹpẹ láti òkè délẹ̀. "Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ó kó ìwé ìròyìn àtijọ́ kúrò lórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé, ó jókòó.

Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́jọ ló ń dé, ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn ló ń lọ. Á mú ìwé kan, á fi ìka sí i, ètè ẹ̀ á máa mì. Tó bá yá, á fi itọ́ kan ẹnu pẹ́ńsùlù, á fa nǹkan kan sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé ẹ̀. Láti ibi tó jókòó, ó ń rí pẹpẹ, ó ń rí ilẹ̀kùn, ó ń rí Clémentine. Clémentine kò lọ jẹun nílé lọ́sàn-án mọ́. Ó ní ẹbí ní Ṣakí, lápá Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ẹnubodè ń gba òǹtẹ̀, ó sì ti rí òǹtẹ̀ náà lápò ẹni tó jókòó yẹn.

Kamarou tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sún mọ́ Clémentine. "Tantí, mo ti wò ó dáadáa. Ó ń kà ni."

"Mo mọ̀ pé ó ń kà."

"Ó wá lọ́ra o. Bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì."

"Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń lọ́ra bẹ́ẹ̀."

Kamarou ronú. "Ẹ jẹ́wọ́ kó tó kà débẹ̀. Ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, wọ́n ń ṣàánú ẹ̀."

"Ṣé tíṣà Adido jẹ́wọ́?"

"Kò jẹ́wọ́. Ẹ ò wá rí i?"

Lọ́jọ́ kejì, Clémentine lọ bá Àbíbù nídìí tábìlì.

"Kámáráàdì, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kọ fún yín."

Ojú Àbíbù là. "Fún èmi? Ẹ ṣeun o."

"Ṣé ní Faransé?"

"Rárá. Èdè wa ni. Òun ni wọ́n ní kí n máa kà. Kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi, Madáàmù. Kó má fún pọ̀."

Clémentine kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀: orúkọ rẹ̀, Kaboua tí wọ́n bí i sí, bàbá, ìyá, ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà àsọyé, ikán, ẹ̀wà. Ojú ìwé kan àtààbọ̀. Àbíbù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Clémentine bi í: "Ẹ ti kà á?"

"Mo ti dé Kaboua."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: "Mo ti dé ọ̀dọ̀ bàbá yín. Orúkọ wọn gùn."

Aṣọ ti ń tóbi jù fún Clémentine. "Kámáráàdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán, kí n mọ ibi tí mo wà."

"Ẹ má lé mi, Madáàmù," Àbíbù fèsì jẹ́jẹ́. "Ohun tó wà níbẹ̀ kò ní sá lọ. Lójú gbogbo ayé ni màá kà á tán, ẹ̀yin náà á gbọ́."

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sí pápá láti àárọ̀. Kamarou wá mú lẹ́tà kan lé Clémentine lọ́wọ́, láti Cotonou. Wọ́n ní kò sí epo fún ọkọ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ rán kò tíì kúrò lọ́dọ̀ àwọn, wọn kò sì ní ka ìwé Savè mọ́. Clémentine kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè.

Lórí pèpéle, wọ́n ti ń pe ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn àgbẹ̀ abúlé Sakin tí kò mọ a yàtọ̀ sí b lọ́dún tó kọjá, kó wá ka ìwé tó bá wù ú sétí gbogbo ìlú, Àbíbù sì bọ́ bàtà, ó ṣí ojú ìwé kan àtààbọ̀ náà, ó fi ìka sí i, ó bẹ̀rẹ̀: "Èmi, Clémentine..."