Fìlà Mẹ́ta fún Ọdún

Ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, fìlà mẹ́ta ló sì wà lọ́rùn Màmá láti hun: pupa fún Aláròyé, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, búlúù fún ọmọkùnrin rẹ̀, yẹ́lò fún ìyàwó ọmọ náà. Ọdọọdún ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ hun ẹ̀bùn fún wọn. Ti ọdún yìí nìkan ló jẹ́ ìdánwò.

Olùkọ́ ni ọmọ rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń sọ èsì tí kò dára ló sì fi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Màmá, tí ojú yín bá ti ń ṣe yín, ẹ ó ti ilẹ̀kùn yẹn pa, ẹ ó tẹ̀ lé wa lọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé ojú ń ṣe mí?"

"Ìyàwó mi ló fura. Ó ní ẹ fọwọ́ wá ìkòkò gbígbóná kiri nígbà tá a wá kẹ́yìn."

"Ṣé ìyàwó rẹ ò rí ẹni tó ń fọwọ́ gbé ìkòkò rí ni? Ẹ ṣáà máa bọ̀ lọ́dún. Ẹ ó bá fìlà yín nílẹ̀."

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ọ̀tún ti kọ́kọ́ lọ, tòsì sì tẹ̀ lé e. Ọ̀sán àti òru ti di ọ̀kan náà fún un. Ṣùgbọ́n òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́ ilé yìí, kò sì sí ògiri kan nínú rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Nílé ọmọ rẹ̀, orí àga kan ni wọn yóò fi í sí, bí ẹrù tí ẹni tó ni ín kò tíì wá gbé.

Híhun fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ìka ló ń hun, ojú kàn ń bá a ṣe ẹlẹ́rìí ni. Àwọ̀ ni ìṣòro. Ó wá ṣètò rẹ̀ báyìí: òwú pupa nínú abọ́ tánganran, búlúù nínú apẹ̀rẹ̀, yẹ́lò nínú ọ̀rá. Bí fìlà kan bá parí, yóò rán bọ́tìnì mọ́ ọn nínú: ńlá fún pupa, kékeré fún búlúù, yẹ́lò kò ní ní rárá.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò rẹ̀, obìnrin onínúure kan tí kì í lè wo ìdọ̀tí níran, wọlé wá bá a gbálẹ̀. Nígbà tí Màmá ti balùwẹ̀ dé, ó na ọwọ́ sínú abọ́, abọ́ ṣófo. Gbogbo òwú ti wà papọ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì rọ̀ bákan náà.

"Mo bá yín tò ó, Màmá. Ó ti rí wúruwùru jù."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Màmá jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Bó bá béèrè èwo ni pupa, ọ̀rọ̀ yóò dé etí ọmọ rẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Obìnrin náà kò lè gba omi sẹ́nu kó má dà á sílẹ̀. Ó ronú títí, ó wá gba ẹ̀yìn yọ.

"Tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni, èwo nínú wọn lo máa mú fún un?"

"Pupa ni. Ọmọdé wo ló máa kọ pupa?"

"Gbé e fún mi. Bàbá ọmọ ńkọ́?"

"Búlúù yìí." Ó fi í lé e lọ́wọ́. "Yẹ́lò yìí, ta lẹ fẹ́ hun ún fún? Ẹni tó bá dé e ò lè sọnù lọ́jà láé."

"Ìyàwó ọmọ mi ni. Mi ò fẹ́ kó sọnù."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni Màmá ń kó òwú sí. Oorun kò kùn ún. Á dìde, á fọwọ́ wá bọ́tìnì, á dùbúlẹ̀, á tún dìde.

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n dé nírọ̀lẹ́, wọ́n fi fóònù wọn sí ṣájì nínú yàrá, wọ́n jẹun. Ọmọ rẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù sì gba gbogbo ilé kan. Ìyàwó kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá mọ̀ pé òun ló ń wò.

Ó dìde. "Ẹ bá mi pa ariwo yẹn, ẹ jàre. Mo fẹ́ pín ẹ̀bùn."

Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n fi dákẹ́. Inú Màmá dùn pé wọ́n ṣì ń gbọ́ ti òun.

"Màmá, ẹ jókòó ná," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Kí ló dé tí mi ò ní rìn nínú ilé mi?"

Ó gba àárín àga méjì kọjá, ó yẹ̀ fún tábìlì kékeré, ó kó àwọn fìlà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó padà. Ara rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ìyàwó ló dìde tó fẹsẹ̀ gbá tábìlì. Ife kan já bọ́, ó fọ́.

"Rọra o, ìyàwó," ni Màmá wí, "ìwọ tójú ẹ mú bí abẹ́rẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ ti rí bọ́tìnì ńlá. "Aláròyé, pupa rèé, tìẹ ni." Ó tẹ̀ lé èémí ọmọ náà, ó sì dé e lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Aláròyé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi fọwọ́ tọ́ fìlà náà wò. "Búlúù yìí, tìẹ ni, ọkọ mi. Wò ó bó ṣe mọ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Yẹ́lò ni ti ìyàwó. Àbí wọn ò wù yín ni?"

"Wọ́n wù wá, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi tẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.

Ìyàwó rọra jáde lọ sí ilé ìdáná. Màmá fẹ̀yìn ti àga. Láti ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àyà rẹ̀ yóò balẹ̀. Ilé rẹ̀ ti di tirẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyàwó padà dún lẹ́nu ọ̀nà, Aláròyé mí kanlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì ti tan àbẹ́là, Màmá àgbà, báwo lẹ ṣe ń rí àwọ̀ fìlà wa látìgbà tí iná ti lọ?"