Ẹkún Ìyàwó Inú Eré

Mo wà nílé Màmá Shalom ní Kúbwà, à ń wo eré ayé àtijọ́.

Mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má mú iná lọ.

Ọmọge inú eré kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́. Ó ń sun ẹkún ìyàwó.

"Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi, má bínú mọ́. Súre fún mi."

Màmá Shalom bú sẹ́rìn-ín.

"Kai! Ó ti ṣi orúkọ ìyá ẹ̀ pè! Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó jàre, eré ni."

Mi ò lè jókòó.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́.

Ọmọ mi ni ọmọge yẹn. Ọdún kẹta rèé tó ti bínú kúrò nílé, tí mi ò gbóhùn rẹ̀.

Mo sáré gbé ọwọ́ lé e lórí.

Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n ni ọwọ́ mi bà.