Kò Sẹ́ni Tó Ni Mí

Ẹnjiníà ni wọ́n gba Tàjùdíìnì sí ní Clear Lake lókè òkun, ṣùgbọ́n fàájì gan-an ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohunkóhun tó bá lè mú un jókòó sílé, ẹrù ni lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Alhaja Suwebat, ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń bá a gbé ní Rosenberg, wà lára ẹrù náà. Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí.

Orin àríyá kan wà lédè Sípáníìṣì tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń dún bí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí fóònù. Alice, ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Kò sẹ́ni tó ni mí, ẹ má bi mí níbi tí mò ń lọ."

"Ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyẹn!" ni Tàjùdíìnì wí.

Alice rẹ́rìn-ín. "Eré lásán ni o. Tí orin bá parí, oníkálukú á padà sílé lọ fọ abọ́. Èmi gan-an, màmá mi ń retí mi báyìí."

Ibi tó wù ú nìkan ni Tàjùdíìnì gbọ́.

Ní Jímọ̀ kan, ó ń di ẹrù láti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe fàájì lórí ọkọ̀ ojú omi ní Clear Lake. Ìyá rẹ̀ di àyà mú.

"Tàjù, àyà ń gún mi. Má lọ lónìí."

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n enjoy weekend mi jàre. Làdíátù wà ńlé."

Làdíátù, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa fóònù. Kò tíì dé ọ̀nà márosẹ̀ tó fi pa á. Ẹni a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ariwo ọjà ni òun ń wò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alhaja ṣubú. "Ṣé Tàjù ti dé?" ni wọ́n ń bèèrè títí ẹ̀mí fi bọ́ láàárọ̀ Sátidé. Làdíátù pe ọkọ rẹ̀ títí. Abdulkabir, akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ́sáláṣí, wa mọ́tò dé Clear Lake, ọkọ̀ ti wọ agbami. Ẹ̀sìn kò sì gbà kí òkú máa dúró de aláfẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọmọ ọlọ́mọ ló sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gbà wọ́n.

Àsìkò Alásárì ni Tàjùdíìnì wọlé, fóònù rẹ̀ ṣì wà ní pípa. Làdíátù kò kí i. "A ti sin Màmá," ló wí, ó sì yíjú sẹ́yìn.

Ó sáré dé itẹ́ òkú. Abdulkabir ló bá níbẹ̀, tó ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ iyẹ̀pẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?"

"Brother, Màmá dúró dè ẹ́. Wọ́n dúró títí ẹ̀mí fi bọ́."

Tàjùdíìnì tan fóònù láti wo ìpè ìyàwó rẹ̀. Kíá ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ fàájì rẹ̀ pè, orin náà sì bú sókè lórí sàréè ìyá rẹ̀: kò sẹ́ni tó ni mí. Òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, orin kò jẹ̀bi. A kọ ọ́ fún ijó ni, a kò kọ ọ́ fún bí a ṣe ń gbé ayé. Ọmọ òrukàn nìkan ni kò ní ìyá tó ń bi í níbi tó ń lọ, kì í sì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Alhaja Suwebat bímọ, ọmọ kò sin wọ́n. Bí ìyá rẹ bá ń pè ọ́, dáhùn kí wọ́n tó dákẹ́.