Eku Tí Ẹkùn Manchester Yàn

Lọ́dún 2014, olórí ìjọ ní kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan yan ẹranko kan tí wọn yóò yà sára àsíá rẹ̀. Birmingham mú kìnnìún. Leeds mú idì. Ó ku Manchester.

Olúkúnlé ni akọ̀wé ẹkùn, ọ̀rọ̀ náà ò sì le lójú tiẹ̀. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Crumpsall lẹ́yìn ìsìn, ó dìde, ó ní, "Ẹkùn ni wọ́n ń pè wá. Ẹ jẹ́ ká kúkú ya ẹkùn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ni Àǹtí Ọlábùnmí, tó ń ṣe care work nílé àwọn arúgbó, bá nawọ́. Ó ní eku kékeré kan wà ní aṣálẹ̀, jerboa ni wọ́n ń pè é. Kì í mu omi. Bí oòrùn bá ti yọ, á fi iyanrìn dí ẹnu ihò rẹ̀, á sùn. Òru ló máa ń jáde wá oúnjẹ.

"Àwa wo la máa ń ṣe night shift níbí?" ló bi wọ́n.

Ọwọ́ mọ́kànlélógún lọ sókè. Nígbà tí wọ́n dìbò, eku fi ìbò méje na ẹkùn.

Ó dun Olúkúnlé. Ó dá a lójú pé orí tẹlifíṣọ̀n ni obìnrin náà ti jí ọ̀rọ̀ eku náà kó. Bí òun bá lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, òun á ní kí wọ́n tún ìbò dì. Òun náà ni wọ́n sì ní kó kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán, ló bá lọ sílé Àǹtí ní Broughton ní Sátidé.

Àǹtí bu ráìsì fún un. Ẹran wà nínú ti Olúkúnlé, kò sí nínú tiẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Kò ju ẹyin adìẹ lọ. Eegun rẹ̀ ò le."

Olúkúnlé kọ ọ́.

"Ṣé ó ṣòro láti rí?"

"Lọ́sàn-án, wàá wá ibi tí iyanrìn ti yàtọ̀ díẹ̀, wàá fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Má gbẹ́ ẹ kíákíá, ó ní ọ̀nà àbáyọ mìíràn."

"Programme wo lẹ ti wò ó, kí n lè kọ orúkọ rẹ̀ sí i?"

Ọlábùnmí bu omi sí ife rẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe programme o, Kúnlé, nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Líbíyà kú sáàárín aṣálẹ̀ lọ́dún 2003, òun ni àwa mẹ́rin tá a yè jẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àmọ́ ìwọ ṣáà kọ ọ́ pé ó máa ń gba ẹ̀mí là."