Ikọ́ Tí Kì Í Lọ Bọ̀rọ̀

“Háàkì! Háàkì!”

Ikọ́ náà tún ti dé, bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Káfíńtà gbé fóònù jìnnà sí etí.

“Ìyá mi, ikọ́ ọmọ ajá yìí kò tíì lọ ni?”

“Ṣé etí ẹ ò gbọ́ ni, ọkọ mi? Ó lọ, ó tún padà.”

Dókítà ẹran ti kìlọ̀ pé ikọ́ náà ń ràn. Ọmọ ajá náà kò gbọdọ̀ dé àárín àwọn ajá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ni káfíńtà bá gbé e sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń dá gbé.

Ìyá bọ́ okùn ọrùn ajá náà, kó má baà fún un lọ́fun. Ó ń gbé e jókòó sínú ooru omi gbígbóná ní balùwẹ̀, ó ń kọrin:

“Ikọ́, má wulẹ̀ jókòó o,
Ilé yìí ò ní àga fún ọ!”

Síbẹ̀, bí káfíńtà bá ti pè pé òun ń bọ̀ wá gbé ajá òun, ikọ́ á gbérí.

Lónìí, abẹ́ fèrèsé ìyá ló ti pè.

“Háàkì! Háàkì!”

Káfíńtà yọjú wo inú ilé.

Ọmọ ajá nà gbalaja sórí tìmùtìmù, ara rẹ̀ ń dán. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ìyá bí ìyá ṣe gbé fóònù sẹ́nu, tó dijú, tó ń wúkọ́ kíkankíkan.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹ̀rín.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Irú ikọ́ yìí kì í lọ bọ̀rọ̀.”

“Àbí o ò rí i!”

“Mo rí i, ìyá mi. Ẹ lá oyin díẹ̀. Ọ̀fun yín á ti máa dùn yín.”